Ọpọ́n Iṣu Ìyá Àgbà Lórí Omi

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, nínú ọyẹ́, ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀sán, ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí wọ agbo ilé wa ní Kambolé, ìlú Yorùbá kan ní orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé. Mo mọ wákàtí náà nítorí pé èmi ni wọ́n fi ṣọ́ ìkòkò ẹ̀wà, tí wọ́n ní kí n máa wo aago ara ògiri. Aago náà máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yá ju ti mọ́ṣáláṣí lọ, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ òtítọ́ tó gún régé lè pè é ní aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú. Àwọn ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ìrun bọ̀. Kámíọ̀ akẹ́rù kan tó ti Sokodé gba Tchamba wá fọn fèrè níwájú ilé, eruku bo àwọn adìyẹ mọ́lẹ̀, a sì rí Tọ́ńtọ́n Ráfíù, àbúrò bàbá mi, tó jókòó sórí òkìtì mátíráàsì àlòkù, tó di nǹkan gígùn kan mọ́ àyà bí ẹni tó gbé ọmọ. Àwọ̀ ìyeyè tó pọ́n dáadáa ni nǹkan náà. Ó gùn tó ọkùnrin méjì tó fi ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ dùbúlẹ̀. Orí rẹ̀ rí ṣóńṣó, ìdí rẹ̀ rí ṣóńṣó, inú rẹ̀ ṣófo, ó ní ẹnu méjì lókè, ọ̀kan níwájú, èkejì lẹ́yìn, ihò kékeré kan tó ní ìdérí sì wà ní ìsàlẹ̀ ìdí rẹ̀.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, jáde láti ibi tó ti ń bẹ iṣu. Ó fi ọwọ́ pa nǹkan náà láti orí dé ìdí. “Ráfíù, kí nìyí?”

“Ọpọ́n ni, Ìyá. Ọpọ́n tí wọ́n fi ń rẹ iṣu.”

“Àwọn ànàsárà aláwọ̀ funfun náà ń jẹ èlùbọ́?”

“Kí ni wọn kì í jẹ?” Tọ́ńtọ́n bọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é. Iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjà Sokodé ni títa ẹrù àlòkù tó bá ti òkè òkun dé, kò sì sí ẹrù kan tí kò lè sọ ìlò rẹ̀. Ó ní ẹnu iwájú wà fún iṣu ńlá, ẹnu ẹ̀yìn wà fún iṣu wẹ́wẹ́, ihò ìdí sì wà fún dída omi nù láìgbé ọpọ́n sókè. “Ẹ wo ihò yìí, Ìyá. Ta ni yóò lu irú ihò yìí sí nǹkan tí kì í ṣe ọpọ́n?”

Lónìí tí mo ti jáde ní yunifásítì, tí wọ́n ti kọ́ mi láti béèrè ìdí ohun gbogbo, mo ṣì máa ń rántí àlàyé náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ̀rí mẹ́ta ló ní, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì kùnà. Láti ìgbà náà ni mi ò ti jẹ́ kí ẹ̀rí tó bára mu pá mi láyà mọ́.

Lọ́rọ̀ kan, a fi í rẹ iṣu. Gbogbo ọyẹ́ náà, ohùn ilé wa yí padà. Ṣáájú, ohun tó máa ń jí mi ni ìró ìgbálẹ̀ Ìyá Kékeré, ìyàwó kejì bàbá bàbá mi olóògbé, tó máa ń gbálẹ̀ bí ẹni tó ń bá ilẹ̀ jà. Lẹ́yìn tí ọpọ́n dé, ìró iṣu ló ń jí mi: gbì, gbì, gbì, bí wọ́n ti ń sọ ọ́ gba ẹnu iwájú bọ́ sínú ikùn tó ṣófo. Lẹ́yìn rẹ̀ ni omi gbígbóná yóò wọlé, ìkùukùu yóò sì jáde ní ẹnu méjèèjì. Iṣu á sùn sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, lẹ́yìn náà ni a ó kó o jáde, tí a ó sá a sórí àpáta kí ó gbẹ di gbodo, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Àbùkù kan ṣoṣo tí ọpọ́n náà ní ni pé iṣu máa ń há sí àárín, lábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tó bò, níbi tí apá àgbàlagbà kò lè dé. Èmi ni mo kéré jù nínú àwọn tó gbọ́n tó láti ṣe é, nítorí náà èmi ni wọ́n máa ń tì wọ inú rẹ̀, orí nínú, ẹsẹ̀ lóde. Inú ibẹ̀ móoru, ó ń rùn bí ọkà tí kò tíì jinná, ohùn gbogbo ayé sì ń dún níbẹ̀ bí ẹni tó wà nínú kànga. Mo máa ń pẹ́ níbẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. “Sáfíyà, ṣé iṣu lò ń kó ni àbí o ń bá a ṣeré?” Ìyá Kékeré á fa ẹsẹ̀ mi. “Ẹ bá mi gé ọmọ yìí mọ́ iṣu, a ó rí gbodo tó ń sọ̀rọ̀.”

Ìdérí ihò ìdí kò pé oṣù kan tó fi sọnù. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan ewúrẹ́. Kò sí ẹni tó rí i. Ìyá Àgbà fi aṣọ wé ṣùkù àgbàdo, ó fi dí i, ó sì dí. Òun náà ló sọ ọpọ́n lórúkọ. Funfun ló ń pè é. “Ẹ bá mi fọ Funfun.” “Ẹ má jẹ́ kí adìyẹ yàgbẹ́ sí Funfun lára.” A rò pé nítorí ìmọ́tótó ni, bí ènìyàn ṣe lè pe ajá dúdú ní Olówó. Gbogbo ilé wá ń pè é bẹ́ẹ̀.

Òjò ọdún náà pọ̀. Ó yẹ kí n ṣàlàyé ibi tí a ń pè ní Ẹnu-Odò, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Odò kékeré tó gba ẹ̀yìn oko wa kọjá ń lọ bá odò ńlá kan nísàlẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ènìyàn lè fo odò kékeré náà. Ṣùgbọ́n bí òjò bá le, odò ńlá á kún débi tí kò ní gba omi wa mọ́. Omi wa á dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí àlejò tí wọn kò dá lóhùn, á tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á bo pápá, á bo ọ̀nà oko, á sì dákẹ́. Kì í lọ, kì í bọ̀. Ní òdìkejì omi yìí ni igi irú Ìyá Àgbà wà. Lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ lè jẹ́ ti ẹnì kan kí igi orí rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ìyá rẹ̀ ló fi igi náà sílẹ̀ fún un, òun nìkan ló sì ní ẹ̀tọ́ láti ká èso rẹ̀ ṣe irú. Ó ti pẹ́ tí orúnkún rẹ̀ kò ti jẹ́ kó rin ọ̀nà náà mọ́, àwa ọmọ ni à ń ká a wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà òjò, ó máa ń dúró létí omi níbi tí a ti ń fọ iṣu, á gbé ojú sókè wo orí igi náà lọ́ọ̀ọ́kán, á sì kí i bí ẹni kí aládùúgbò: “O ṣì wà níbẹ̀.”

Lọ́dún náà, ó dúró, ó wò, ó tún wò. “Igi mi ti wó,” ló wí.

“Igi wo ló wó?” bàbá mi béèrè. “Ìyá, òun ló dúró yẹn.”

“O fẹ́ gbé mi lọ sí Sokodé ni.”

Bẹ́ẹ̀ ni, ó fẹ́ gbé e lọ. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, nọ́ọ̀sì kan ti tan iná wo ojú Ìyá Àgbà, ó ní ohun kan bí ìkùukùu ti bo ẹyin ojú méjèèjì, pé àwọn dókítà ojú ń bọ̀ ní Sokodé, wọn ó sì lè yọ ọ́. Ó ní bí wọ́n bá jẹ́ kó pẹ́, kò ní ríran mọ́ rárá. Ìyá Àgbà kọ̀. Ó ní ojú òun kò ṣe nǹkan kan, àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n ki abẹ bọ ojú ènìyàn ló yẹ kí wọ́n lọ yẹ orí wọn wò. Nísinsìnyí, igi di ẹjọ́. Bí igi bá ti wó, ojú rẹ̀ dá ṣáṣá, kò sì ní ohun tó ń wá lọ sí Sokodé. Bí igi bá dúró, ojú ló ti lọ. Ìdájọ́ náà rọrùn. Ẹlẹ́rìí ni kò sí. Gbogbo ẹni tó bá sọ pé igi dúró, ó ní wọ́n ti gbìmọ̀ pọ̀ láti gbé òun lọ. Mi ò lè dá a lẹ́bi: wọ́n ti gbìmọ̀ pọ̀ lóòótọ́.

Ó wá yíjú sí mi. “Sáfíyà, ìwọ tí o kì í purọ́. Ṣé o rí igi mi?”

Bàbá mi tẹjú mọ́ mi. Ìyá Kékeré fi ìgùnpá gún mi. Mo wo òdìkejì omi. Mo rí orí igi púpọ̀, ewé wọn tutù, wọ́n fara kọ́ra. Mo ti ká èso igi náà rí, ṣùgbọ́n láti abẹ́ rẹ̀ ni, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kì í ṣe láti ibí. “Mo rí igi, Ìyá Àgbà,” mo dáhùn. “Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá tiyín wà lára wọn.”

“Ẹ gbọ́,” Ìyá Àgbà wí, ó sì ń lọ sílé.

“Ọmọ yìí ni yóò fọ́ ojú ìyá mi,” bàbá mi wí. Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ń bọ̀. Mi ò jẹun alẹ́ dáadáa lọ́jọ́ náà. Òtítọ́ ni mo sọ, mo sì tún un yẹ̀ wò lórí ẹní, òtítọ́ náà ni. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó lè jẹ́ pé òun ni yóò jẹ́ kí Ìyá Àgbà fọ́jú.

Ẹni tó yọ wá ni Mèsíọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń pe olùkọ́ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin láti etí òkun lọ́hùn-ún, tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, tí èmi sì máa ń tú ìyókù fún un láti Faransé. Ó wá sílé wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti sọ pé mo ń bi òun ní ìbéèrè púpọ̀ jù ní kíláàsì. Kí ó tó jókòó, ó rí Funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ìyá adìyẹ kan jókòó sí ẹnu iwájú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú eruku, pẹ̀lú ṣòkòtò tó fi ayọ̀nù lọ̀.

“Ìyá, ọkọ̀ ni,” ó wí nígbà tó rí èémí. “Kàyákì ni. Ènìyàn ló ń jókòó síbi tí adìyẹ jókòó yẹn.”

Ó wá sọ fún wa pé ní ìlú òun, níbi tí odò ti ń wọ òkun, ibì kan wà tí omi dídùn àti omi iyọ̀ ti ń pàdé, tí méjèèjì á sì dákẹ́. Ó ní àwọn ànàsárà máa ń gun irú ọkọ̀ yìí níbẹ̀, wọn kì í pẹja, wọn kì í gbé ẹrù, wọ́n kàn ń lọ jẹ́jẹ́ láti wo ohun tó wà níbẹ̀. “Láti wo kí ni?” Ìyá Kékeré béèrè. “Ẹyẹ,” Mèsíọ̀ wí. “Ewé. Omi.” Ìyá Kékeré wò ó pẹ̀lú àánú.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Tọ́ńtọ́n Ráfíù lórí tẹlifóònù. Kò gbà pé òun ṣìnà. “Ọpọ́n ni mo ní kó jẹ́, ọpọ́n náà ni,” ohùn rẹ̀ wí láti Sokodé. “Kí ni ọkọ̀, bí kò ṣe ọpọ́n tó ń lọ?”

Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, àfi Ìyá Àgbà. Ó ti dìde. Ó gbé ìyá adìyẹ kúrò lẹ́nu Funfun, ó ki ọwọ́ bọ ibẹ̀ bí ẹni tó ń wọn ìbú rẹ̀. “Mèsíọ̀,” ó wí, “ṣé nǹkan yìí lè gbé mi dé ìdí igi mi?” Ó ní ìròyìn kò tó àfojúbà, àfojúbà pàápàá kò sì tó àfọwọ́bà, nítorí pé ọwọ́ kì í purọ́. Ó sọ ọ́ níwájú gbogbo wa: bí òun bá fọwọ́ kan igi náà ní ìdúró, kí wọ́n gbé òun lọ sí Sokodé ní ọjọ́ Àtàláátà. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ojú fún òun mọ́ títí òun ó fi kú.

Bàbá mi gbà. Nísinsìnyí ni mo mọ ohun tó ná an. Kò lè lúwẹ̀ẹ́, ó sì máa ń yí ojú kúrò lára kòtò omi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọkùnrin mẹ́fà ru Funfun lórí lọ sí Ẹnu-Odò, èrò sì tẹ̀ lé e bí ẹni tó ń sin ìyàwó. Ọkọ̀ náà kò bá àjẹ̀ dé, nítorí náà ọmọrogùn ńlá méjì tí wọ́n fi ń ro ọkà ìsọmọlórúkọ ni wọ́n kó wá. Ìyá Kékeré ló ni wọ́n. “Kí ẹ fọ̀ wọ́n kí ẹ tó dá wọn padà,” ó wí, “mi ò fẹ́ ọkà tó ń rùn bí ọ̀pọ̀lọ́.” Mèsíọ̀ jókòó sí ẹnu ẹ̀yìn. Ìyá Àgbà jókòó sí ẹnu iwájú, èmi sì wà láàárín itan rẹ̀, nítorí ó ní òun kò ní lọ láìsí ẹni tí kì í purọ́. Mo yẹ ṣùkù àgbàdo tuntun tí wọ́n fi dí ihò ìdí wò lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá mi so okùn kànga mọ́ ìdí ọkọ̀, ó sì wé ìyókù mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ìyá Àgbà ní, “Bìsìmílàhì,” wọ́n tì wá, ilẹ̀ sì fi wá sílẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ìyẹn kí ó péye. Kò sí ohun tó ń mì, kò sí ohun tó ń dún. Mo retí ariwo, nítorí gbogbo ohun tó ń gbé ènìyàn lọ tí mo mọ̀, kámíọ̀, alùpùpù zémì, kẹ̀tẹ́kẹ́tẹ́, ló ní ariwo tirẹ̀. Èyí kàn ń lọ. Lẹ́yìn náà Ìyá Àgbà ki ọmọrogùn bọ omi, ó sì ro ó. Ó ro ó yíká gẹ́gẹ́ bí ó ti mọ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí omi má ní kókó, ọkọ̀ sì yí po lẹ́ẹ̀kan, a tún rí ojú gbogbo àwọn tó wà létí omi. Wọ́n ké. Ìyá Kékeré ní, “Ó ti jinná, ẹ bù ú.” Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ ẹ̀rín náà ní ẹ̀yìn mi kí n tó gbọ́ ọ létí.

“Sẹ́yìn, Ìyá, ẹ fà á sẹ́yìn, bí ẹni fa ọkọ́,” Mèsíọ̀ wí. Ọkọ́ ló yé e. Láti ìgbà náà a ń lọ tààrà.

A gba orí oko ẹ̀wà bàbá mi kọjá. Mo rí ebè rẹ̀ lábẹ́ wa nínú omi tó mọ́ bíi tíì, ewé ẹ̀wà ń jù díẹ̀díẹ̀, ẹja wẹ́wẹ́ sì ń sáré láàárín ebè méjì bí ọmọ iléèwé. “À ń fò lórí oko Bàbá,” mo wí. Ìyá Àgbà ní, “Bá mi wò ó bóyá ó ti ro ó.” Lékeléke mẹ́rin dúró lórí òrùlé ahéré kan tí omi ti dé ọrùn, wọ́n wò wá bí onílé ṣe ń wo àlejò, wọn kò fò. Òṣíbàtà bo apá kan, ewé rẹ̀ ń ya fún wa, ó sì ń padé lẹ́yìn wa. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, mo rí ohun kan tí mi ò ní gbàgbọ́ bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́: ẹja ń tẹ̀ lé wa. Mo rò ó títí, mo rí ìdí rẹ̀. Ọyẹ́ kan gbáko ni iṣu fi ń rẹ nínú Funfun. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára níta àti nínú, omi wá ń tú u díẹ̀díẹ̀. À ń fọ́n oúnjẹ sílẹ̀ bí a ti ń lọ.

Lójijì ọkọ̀ dúró. Okùn ti tán. Bàbá mi wà létí omi, ó ti so aṣọ ìborí méjì àti ìró Ìyá Kékeré mọ́ ìdí okùn náà, ó ti wọ omi dé orúnkún, kò sì sí ohun tó kù láti so. Àwọn igi wà níwájú wa, kò ju ìgbà tí ènìyàn fi lè ka Fátíà kan tán lọ.

“Músá, ju okùn sílẹ̀,” Ìyá Àgbà pe bàbá mi. Ohùn máa ń lọ jìnnà lórí omi tó dákẹ́. Kò nílò láti pariwo.

“Ìyá, mi ò lè jù ú.”

“Wọ́n gé okùn ìwọ́ rẹ, o kò kú.”

Lẹ́yìn náà ni mo rí i tó ṣí ọwọ́. Ìró Ìyá Kékeré já sínú omi, ó sì ń tẹ̀ lé wa lẹ́yìn àwọn ẹja. “Ìró mi,” ohùn kan wí lókèèrè, láìsí ìrètí.

Abẹ́ àwọn igi ṣókùnkùn, ó tutù. Igi irú kò pọ̀ níbẹ̀. Mo ka mẹ́ta láàárín àwọn ìyókù. Gbogbo wa mọ àmì tí a ń wá. Ìyá rẹ̀ ti fi àdá sá igi náà lẹ́ẹ̀mẹta ní ọ̀gangan àyà lọ́jọ́ tó fún un, kí ẹnikẹ́ni má baà jiyàn. Omi ti gbé wa sókè débi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi dé ibẹ̀ lórí ìjókòó. Mèsíọ̀ fi wá sún mọ́ àkọ́kọ́. Ìyá Àgbà pa èèpo rẹ̀ yíká. “Kì í ṣe èyí.” A lọ sí èkejì. Ó pa á, ó sinmi, ó tún pa á. “Kì í ṣe èyí. Mo sọ fún yín.” Inú rẹ̀ ń dùn, mo sì mọ̀ ọ́n lára itan rẹ̀ tó ń mì. Tèmi kò dùn. Mo ń ronú ohun tí màá sọ fún bàbá mi.

Ẹ̀kẹta tẹ̀ díẹ̀ sórí omi, ṣùgbọ́n ó dúró, gbòǹgbò rẹ̀ di ilẹ̀ mú. Mo rí àmì náà kí ó tó fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ rẹ̀ gun èèpo lọ, ó kan ìlà àkọ́kọ́, tó ti wú sókè bí ètè tó padé. Ó dúró. Ó kan èkejì. Ó kan ẹ̀kẹta. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó tún kà á. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó sì pẹ́ kó tó gbé e kúrò.

“Sáfíyà. Mélòó lo rí?”

“Mẹ́ta, Ìyá Àgbà.”

“Ó sì dúró?”

“Ó tẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dúró.”

Ó tú ìmí sílẹ̀. “Wọ́n ti rí mi mú,” ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ti ìsàlẹ̀ ikùn wá, èmi tí mo wà láàárín itan rẹ̀ ń fò bí ẹ̀wà nínú ìkòkò, Funfun ń gbọn ọ̀tún gbọn òsì, omi ń bu wọlé ní ẹnu iwájú. “Ìyá, dúsìmá, dúsìmá,” Mèsíọ̀ ń bẹ̀bẹ̀ ní Faransé pé kí ó rọra, ó di ẹ̀ka igi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Èyí kò jẹ́ kí ó dákẹ́. Èmi náà ti ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a fi dé etí omi padà, omi inú ọkọ̀ ti bo ọrùn ẹsẹ̀ mi, ó funfun bí omi ògì. Àwọn kan sọ pé ṣùkù àgbàdo ló jò. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lójú wọn: ó ti wú, ó há gádígádí, omi kò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ̀rín Ìyá Àgbà ló bu omi náà wọlé. Bàbá mi gbé e sọ̀ kalẹ̀ bí ọmọ. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ọjọ́ Àtàláátà, àbí ọjọ́ wo lẹ pè é?”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sokodé, mi ò lè jẹ́rìí sí i, nítorí pé mo wà níléèwé. Ìyá Kékeré, tó bá a lọ, sọ pé Ìyá Àgbà ń ka Fátíà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò gbọ̀n. Tọ́ńtọ́n Ráfíù, tó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, sọ pé kò ka Fátíà kankan, pé ó ń bi dókítà léèrè bóyá wọ́n ń jẹ èlùbọ́ nílùú dókítà náà. Mo ti bi àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́yìn tí mo dàgbà, kò sí ẹni tó yí ọ̀rọ̀ padà. Ojú ọ̀tún nìkan ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kó padà wá fún ti òsì. Ìyẹn náà, ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ.

Èyí tí mo rí nìyí. Ọjọ́ Sátidé ni, wọn kò tíì pe ìrun Àsárì. Mo ń gbálẹ̀ nígbà tí mọ́tò já Ìyá Àgbà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti ṣí ohun tí wọ́n fi bo ojú náà. Ó dúró, ó di òpó ẹnu ọ̀nà mú, ó sì ń wo agbo ilé, kò yára. Ó wò mí. Ó wo bàbá mi, ó ní ó ti hu ewú, àti pé kò sí ẹni tó sọ fún òun. Lẹ́yìn náà ó kọjá láàárín gbogbo wa, ó lọ síbi tí Funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, tí oòrùn ọ̀sán ń ràn sí ara rẹ̀ tó pọ́n bí ìyeyè. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan pa á, ó wo ìka náà bóyá nǹkan lẹ̀ mọ́ ọn. Ó tún pa á.

“Ta ló kun Funfun ní ọ̀dà?” ó béèrè.

Ìyá Kékeré la ẹnu láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó pa á dé. Bàbá mi yíjú sí ògiri. Mo di ìgbálẹ̀ mú, mi ò lè gbá ilẹ̀ mọ́.

Kò sí ẹni tó kùn ún. Ìyẹn ni mo lè jẹ́rìí sí.